Èènì Tó Bo Ohùn Ọkọ Mi Mọ́lẹ̀

O ti pa ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ rẹ́. Ohùn ọkọ mi, ohùn ọkùnrin tí ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ jọ mu ọmú kan náà, o pa á rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà, o sì wá ń rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́jọ́ tí mo wá gbé e pé, "Ìyàwó wa, ẹ wá wo ẹ̀rọ, ó ti ń sáré bí ẹṣin." Bí ẹṣin! Ẹṣin tí kò gbé ẹnì kankan, ibo ló ń sáré lọ?

Má dìde. Mo ní jókòó! Gbé irin tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn sílẹ̀, má tú nǹkan kan mọ́ lójú mi, èyí tí o tú ti tó.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa pè ọ́ ní ìwọ. Ọjọ́ tí mo wọ ilé yín, o ṣì ń fi ṣòkòtò péńpé sáré kiri àgbàlá, mo sì kúnlẹ̀ kí ọ, mo ní ọkọ mi ni ọ́, mo sọ ọ́ ní Ẹnjiníà nítorí pé o tú rédíò bàbá yín palẹ̀, o ò sì lè tò ó padà. Ọlọ́run ò! Orúkọ tí mo fi ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́ ni ayé wá gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yin ni mo ń pè ọ́, ìyàwó rẹ pàápàá ń rẹ́rìn-ín sí i. Lónìí mo ti gbà á padà. Bí ó bá dùn ọ́, lọ fẹjọ́ mi sun ẹ̀gbọ́n rẹ. Lọ! Ẹnu wo ni yóò fi bá mi wí?

Ṣé o ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn ni? Àbí mo fi pamọ́ fún ọ? Nígbà tí dókítà ní àìsàn ti jẹ wọ gògóńgò rẹ̀, pé bí a bá fẹ́ ẹ láàyè, àfi kí wọ́n gé e kúrò, pé kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé, gbogbo yín kó ara yín jọ sí pálọ̀ mi, ẹ ń sunkún. Èmi ò sunkún. Mo ra makirofóònù. Èmi tí mi ò jókòó ní kíláàsì kọ̀ǹpútà rí, tí ọmọ mi ń fi ṣẹ̀sín pé mò ń di máòsì mú bí ẹni tó mú eku gidi tí kò fẹ́ kó sá lọ, èmi yìí ni mo tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, mo bà á jẹ́, mo tún un ṣe, títí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn ènìyàn sínú rẹ̀.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo ti gbà á. Kọ́bọ́ọ̀dù, o gbọ́ mi! Mo ti ọkùnrin gíga yẹn sáàárín àwọn búláùsì mi, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀kùn kí ariwo títì má bàa wọlé, mo fa wáyà fíríìjì yọ nítorí ó ń kùn, ẹran inú rẹ̀ sì rà, mo ní kó rà, ẹran wà níta. Ó ń làágùn, ó ń wúkọ́, ó ń sọ̀rọ̀. "Fún mi lómi." "Mo ti yó." "Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" "Ẹ rẹ tẹlifíṣọ̀n yẹn sílẹ̀." Mo ní kó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í ṣe wèrè tí yóò máa rẹ́rìn-ín lásán, ni mo bá rán an létí ọjọ́ tí ìwọ wọ kóòtù tuntun lọ fún ìdánwò tí o ṣubú sí gọ́tà, ó bú sẹ́rìn-ín títí àwọn ìkọ́ aṣọ fi ń ró wọnwọn lórí rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn wà níbẹ̀! Mo ní kó bú mi pẹ̀lú, torí ọkọ tí kò lè bú ìyàwó rẹ̀ mọ́, kí ló kù fún un nílé? Ó sì bú mi kúnná. Olóríkunkun, ẹlẹ́nu bí aago. Mo ń gbọ́ èébú yẹn nígbà gbogbo tí iyọ̀ mi bá pọ̀ jù lọ́bẹ̀, inú mi á sì máa dùn bí ẹni tí wọ́n kì.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó balẹ̀ nìyẹn. Ìwọ lo da àwo nù.

Kí lo sọ? Pé o ò mọ̀-ọ́n-mọ̀? Ta ló ní o mọ̀-ọ́n-mọ̀? Bó bá jẹ́ pé o mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni, ọ̀tá ni ì bá jẹ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀tá jà.

Àwòrán kan, ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tò ó sójú ẹ̀rọ fún un. Bó bá tẹ ife, ohùn rẹ̀ á ní òun ń fẹ́ omi. Bó bá tẹ ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ á ní ta nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí o wá kí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó tẹ àwòrán kan, ohùn rẹ̀ ní, "Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?" Ta ló sá lọ sẹ́yìnkùlé tó lọ forí ti ògiri, tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀? Ìwọ kọ́? Ìwọ yìí náà mà ni!

Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà ti gbó. Mi ò jiyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ á tẹ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á ṣì wà lọ́nà. Ọjọ́ tí onílé wa wá sọ fún wa pé ìyá òun ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ tẹ àwòrán ẹni tó káwọ́ lérí, ẹ̀rọ ń rò ó, ó ń rò ó, onílé sunkún tán, ó nu ojú, ó ní ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ ayọ̀, pé ọmọ òun fẹ́ gbéyàwó. Ìgbà yẹn gan-an lohùn jáde: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú." Onílé ní àbí ẹ̀rọ yìí ti mọ ìyàwó náà ni! A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tẹ ẹ̀rín tirẹ̀, ìgbà tí onílé dé ẹnu géètì ni ẹ̀rín náà tó dún.

A ti mọ́ ọn lára. A lè fara dà á. Ta ló wá ń sọ pé kí a tún un ṣe? Ìwọ ni, kì í ṣe èmi. Ìwọ lo ní bọ́ọ̀dù tuntun àti mẹ́mórì tuntun ló kù kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn gbogbo. Mo gbé e wá. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ bí ọmọ tó ń sùn, mo fi tìmùtìmù ká a mọ́.

Fíláàṣì ńkọ́? Mo ní fíláàṣì ńkọ́! Èyí tí mo rà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo fi lé ọ lọ́wọ́ tí mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ kó ohùn rẹ̀ sínú èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun." Òun nìyí lórí tábìlì rẹ, láàárín àwọn ìdérí agolo tí o kó nọ́ọ̀tì sí. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. O ò já ọ̀rá rẹ̀! O ní fíláàṣì ń falẹ̀. O ní o ti ṣe ẹ̀dà ohùn náà sí díráìfù kejì, pé kò síbi tó láàbò tó ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo dúpẹ́, háà! Mi ò mọ̀ pé díráìfù kejì ọ̀hún, inú díìsìkì kan náà ló wà. Pé yàrá ni, kì í ṣe ilé. O kó ẹrù láti yàrá kan sí èkejì nínú ilé kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ tí kò jí lórí bọ́ọ̀dù tuntun, o ní kò burú, a ó fọ́máàtì, a ó gbá inú rẹ̀ mọ́, a ó gbé ètò tuntun wọ̀ ọ́, o sì dáná sun gbogbo ilé.

Torí pé bí ọwọ́ rẹ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, o máa ń wó àwọn yàrá inú rẹ̀ di ẹyọ kan, torí oníbàárà fẹ́ràn ilé gbayawu. Ẹ̀rọ bi ọ́ léèrè pé ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi ọ́, wọ́n máa ń bi ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí mi ò kàwé mọ̀ bẹ́ẹ̀. O ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ò ń wò lákòókò yẹn? Fóònù? Bọ́ọ̀lù?

Bó bá tiẹ̀ dúró níbẹ̀, ọ̀nà ṣì wà. Ọkùnrin tó ń hú fáìlì tó nù jáde, tí o gbé e lọ bá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìṣojú mi ló ti sọ ọ́. Ó ní ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ kì í tètè lọ, ó máa ń sùn sílẹ̀ níbẹ̀, àfi bí ẹlòmíì bá wá dùbúlẹ̀ lé e lórí. Ó wá yí sí ọ, ó ní, "Kí ni ẹ kó lé e?" O ò lè wojú rẹ̀.

Èènì! Yéè, ẹ gbà mí! Èènì lo fi ṣe mí! Torí pé ìyàwó ilé ni mí, torí pé o fẹ́ ṣe mí lóore, o kó fíìmù kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, o kó orin kún un, fíìmù àwọn tó ń jà lórí òkè ilé, fíìmù àwọn tó ń yìnbọn, èyí tí mi ò béèrè, èyí tí n kò ní wò láéláé. Gbogbo oníbàárà ni ò ń fún, wọ́n sì ń yìn ọ́, wọ́n ní o lawọ́. Ibi tí ohùn ọkọ mi sùn sí, àwọn tí mi ò mọ bàbá wọn ló ń gbá ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níbẹ̀. O fi inú rere sin ín. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn, mi ò tiẹ̀ lè pè ọ́ ní ìkà.

Má sunkún. Bó o bá ń sunkún, ta ni màá máa bínú sí?

Ìwọ mọ ohun ẹyọ kan tí ọkùnrin yẹn rí hú jáde. Ó gbé e sétí mi. Èmi ni. Ohùn tèmi, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, "Ṣé iná pupa ti tàn? Ó yá, sọ̀rọ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ wá mí sínú, mo gbọ́ ọ, ó mí sínú bí ẹni tó fẹ́ la ẹnu, ó sì tán. Ibẹ̀ ló pin sí. Èmi aláriwo ló kù láyé, ohùn tí mo wá kó ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo ti gbà. Má tún dárúkọ ẹlòmíì tó lè hú u fún mi, o ti dárúkọ wọn tán, a ti lọ bá wọn tán. Má sì tún sọ ti ohùn ẹ̀rọ yẹn fún mi, pé kó máa tẹ ọ̀rọ̀ kí àjèjì máa kà á. Mo gbọ́ ọ nígbà tí o fi hàn mí. Ohùn ẹni tí kò jẹ iyọ̀ rí. Ọmọbìnrin wa tó lóyún ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ti kí ọmọ yẹn káàbọ̀ kí àwa tó mọ̀ pé yóò lóyún. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ó ní kí n yíjú sí ibòmíì, kí n má wo òun, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Káàbọ̀, àlejò wa, èmi ni bàbá ìyá rẹ." Oṣù ọmọ náà ti pé. Ṣé àjèjì ni yóò kí i káàbọ̀?

Ẹ̀gbọ́n rẹ ò tíì mọ̀. Mo ti ń parọ́ fún un láti ọjọ́ yìí pé ẹ̀rọ ń dúró de nǹkan kan tó ń bọ̀ lọ́nà. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lẹ́ẹ̀kan pé òun ti nu tábìlì, pé òun ti fá irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n, nítorí kọ̀ǹpútà!

Nítorí náà, dìde wàyí. Gbé e. Gbé ẹṣin rẹ. Ìwọ lo máa gbé e wọlé, ìwọ lo máa so wáyà rẹ̀, ìwọ lo máa jókòó síwájú rẹ̀. Yóò fi máòsì wá ife, kò ní rí i. Yóò máa rò pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà, yóò ní sùúrù, o mọ bí ó ṣe ní sùúrù tó, yóò ká ọwọ́ lé itan, yóò máa wo ojú rẹ, yóò máa dúró kí ohùn òun dé.

Kí lo fẹ́ sọ fún un? Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní ni mo ti sọ tán síbí. Ìwọ ńkọ́? Gbé ojú rẹ sókè. Gògóńgò rẹ nìyẹn lọ́rùn rẹ, kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ kàn án, mò ń wò ó tó ń lọ sókè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Lò ó! Kí lo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ? Dá mi lóhùn!