Ẹranko Tó Ń Fi Ẹran Sílẹ̀ Dìgbẹ̀yìn

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ lọ sí Ọ̀bà-Ilé, àwọn obìnrin méjì kan ń jiyàn lórí ẹranko abàmì inú ìtàn alàwòrán tí wọ́n jọ ń kà lórí fóònù.

"Àǹtí, iwin ni. Ẹ ò rí ìwo orí ẹ̀ ni?"

"Irọ́ ni. Ọmọ ọba tó sọnù yẹn ni."

"Kí lẹ fi mọ̀?"

"Nígbà tí wọ́n gbé iyán fún un, ṣebí ó jẹ iyán tán kó tó fọwọ́ kan ẹran? Ẹranko wo ló ń fi ẹran sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn? Ẹnì kan ló kọ́ ọ nílé!"

Àbúrò fa ojú ìwé padà sẹ́yìn, ó lọ wo ibi iyán náà.

Mo délé, mo bá ọkọ mi nídìí oúnjẹ. Iyán ò tíì dín, ẹran ti tán. Mo rọra wo iwájú orí rẹ̀, bóyá ìwo ti ń hù.