Omi Ọjọ́ Mẹ́ta

Nígbà tí ogun ṣì ń jà ní Àǹgólà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyá aláṣọ kan tí kò mọ̀ ọ́n rí. Rédíò ń sọ pé àwọn kan fẹ́ kí Nàìjíríà kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀.

Sójà náà mi orí. "Ìyá, ká má dá a láṣà. Wọ́n kó àwa náà lọ sí Ṣáàdì. Ìjà tẹ̀gbọ́n tàbúrò la bá níbẹ̀, a ò mọ ẹni tí a ó gbè lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tó ń tiro yìí ni mo mú bọ̀. Kí la wá ṣe níbẹ̀?"

"Ṣé olú ìlú wọn lẹ wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibẹ̀ ni mo ti ń tajà nígbà náà. Ìbọn ti sé wa mọ́lé, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi, ìta gbangba sì ni kànga wà. Ìgbà tí ẹ dé ni ìbọn dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi pọn omi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ìbọn tún bẹ̀rẹ̀, a sì sá bọ̀ wálé. N ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ìjọba kó yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ lójú mi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan."

Ọkùnrin náà rọra ń tún un sọ: "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko." Nọ́ọ̀sì pè é, kò tètè dìde.

"Ọmọ yẹn ńkọ́, mà?"

"Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ l'Ọ̀yọ́, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Ó ti ga jù mí lọ báyìí."