Wọ́n Rí Reluwé Jà Lé Lórí

Inú mọ́tò tó ń ti Kàbà lọ sí Odò-Ẹrẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn ará Ṣáínà tó ń fọ́ òkúta.

"Bí wọ́n bá ti ń jẹun, àríyànjiyàn ìjọba wọn ló kàn; ògbufọ̀ wọn ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bàbá àgbà inú wọn ní kí aráàlú dákẹ́, ṣebí reluwé ti dé abúlé òun. Ọ̀dọ́ kan nínú wọn ní reluwé ò tó fi pa òun lẹ́nu mọ́."

Obìnrin tó jókòó tì í pòṣé. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tiẹ̀ rí reluwé jà lé lórí! Àwa tí ẹnikẹ́ni ò pa lẹ́nu mọ́, kí la rí?"

Awakọ̀ dúró létí kòtò ńlá kan, ó ní ká sọ̀ kalẹ̀, ká fẹsẹ̀ rìn kọjá.

Gbogbo wa sọ̀. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan.