Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Ẹni tí Mo Ń Bú

Ẹ̀gbọ́n Sìdíkàt, ẹ yé rẹ́rìn-ín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ẹ gbé asẹ́ àtìẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ Àbíjàn yín yẹn, sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ṣé èmi ni ọlọ́kadà ń pè ní akọrin Olóyè láàárọ̀ yìí? Èmi Nùrúdíìnì àbúrò yín, tí mo ru gìtá láti Àbíjàn wá sí Ẹ̀jìgbò, tí mo ní orin rọ́ọ̀kì ni màá fi lé gbogbo aninilára wọgbó! Akọrin Olóyè! Háà!

Ẹ ṣáà mọ ohun tí Olóyè Oyèbọ̀dé ṣe. Òun ló gba iṣẹ́ títì Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó da òkìtì yanrìn kan síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ewúrẹ́ ló wá ń sùn lórí yanrìn. Iṣu ń jẹrà lóko, aboyún ń já bọ́ lórí ọ̀kadà, ó tún wá ń du ipò! Ṣé kí n dákẹ́ ni? Èmi àti Àìṣát tó ń lùlù fún wa, ọmọ ìlú Ara yẹn tí kì í rẹ́rìn-ín, la jókòó tí a fi èébú kọ orin. Mo pè é ní olè. Mo dárúkọ rẹ̀ tòun ti orúkọ baba rẹ̀, torí àwọn tó kọ́ mi ní rọ́ọ̀kì l'Ábíjàn ní ẹni tó bá ń bẹ̀rù àtidárúkọ ọ̀tá, kó yáa lọ máa rẹ ọmọ lẹ́kún.

Àwọn ará Àbíjàn ò mọ ilé wa o! Ta ló ń dárúkọ olówó nínú orin níbí tí kì í ṣe pé ó ń kì í? Àwọn ìyá tó jókòó níwájú ní pápá Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ́jọ́ ayẹyẹ ìlú tí a lọ kọ ọ́, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, gìtá mi ń pariwo jù ú lọ, níbo ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ olè, níbo ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ títì? Oyèbọ̀dé, Oyèbọ̀dé, ohun tí wọ́n ń gbọ́ nìyẹn. Ni wọ́n bá bẹ́ sí ijó! Wọ́n ń nawọ́ sí baba níbi tó jókòó, wọ́n ní orin yín rèé, ẹ dìde. Baba dìde, ó ká agbádá lé èjìká, ó ń jó bọ̀.

Mo ní kó máa bọ̀! Inú mi dùn, mo fẹ́ bú u lójú ara rẹ̀. Ó gun pèpéle, ó dé iwájú mi. Wàláhì, ẹ̀gbọ́n, n kò gbèrò rẹ̀! Bí mo ṣe rí irùngbọ̀n funfun yẹn báyìí, mo nà gbalaja, tèmi ti gìtá! Gìtá ń ké lábẹ́ àyà mi bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Èmi tí mo búra pé n kò ní kúnlẹ̀ fún aninilára kankan! Lóòótọ́ n kò kúnlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ ni.

Ẹ dúró, kò tíì tán. Baba gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní ohùn mi ò ní wọlẹ̀. Mo ní àmín. Inú máíkì ni o! Àmín yẹn nìkan lọ̀rọ̀ tí gbogbo pápá gbọ́ ketekete lẹ́nu mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo wọn sì bá mi ṣe é.

Ẹ ní kí ni? Ẹ̀kọ́ ilé? Ẹ̀yin náà ni o! Ta ló ń fọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́yìn ọrùn ní kékeré, Nùrú, bàbá ń kọjá, dọ̀bálẹ̀? Ẹ ti ba ìjà ẹ̀tọ́ mi jẹ́ kí n tó pààrọ̀ eyín!

Ti Àìṣát ló ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n. Kò bú mi. Ó kó ọ̀pá ìlù rẹ̀ sápò, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Nùrú," ó gba Ara lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ́kọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló bímọ sórí ọ̀kadà lójú títì yẹn, ọmọ náà ò sì yè. Orin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sùn lé lórí. Mo ń pè é, kò gbé fóònù mi. Ojú ń tì mí, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́.

Olóyè ti wá ránṣẹ́ o, ó ní kí n wá kọ orin òun níbi ìpolongo òun lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní màá wá. Ẹ má tíì pariwo! N kò ní gbé gìtá kankan dání, ẹnu lásán ni màá fi kọ ọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí arúgbó tó ń dití gbọ́ olè. Mo ti ní kí wọ́n sọ fún Àìṣát kó wá wòran.

Àmọ́ ẹ bá mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n mí. Ẹ dúró sẹ́yìn mi gan-an. Bí baba yẹn bá ti dìde tó ń jó bọ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbá ìgbànú mi mú gírígírí! Kó rẹ́rìn-ín o, kó ṣàdúrà o, ẹ má jù mí sílẹ̀ títí orin á fi tán, kí Àìṣát rí i pé mo dúró.

Bó bá ti tán, ẹ wá tú mi sílẹ̀, kí n kí baba dáadáa.