Kòkó Ló Kọ́ Ọ

A tò sílé ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́dún tí ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Bíríkìlà kan ka ìkéde ara ògiri fún bàbá àgbẹ̀ kan tó wá forúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo oore tí epo rọ̀bì ṣe wá! Láti Òkè Ọya dé ibí, ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó ẹ̀."

"Ó dáa jàre. Ìwọ ńkọ́, ta ló kọ́ ọ níwèé?"

"Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn ni. Ọ̀fẹ́ ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ìbàdàn ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Kòkó ló kọ́ ọ. Tèmi náà wà ńbẹ̀."

Bíríkìlà náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn. "Háà, ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ rán mi nílé ìwé."

"Dìde, ọmọ mi. Torí pé mo gbin kòkó, mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ n'Ìbàdàn. Epo yìí dáa, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa tá a tò síbí, ta ló gbìn ín?"

Mo wo ọwọ́ ara mi.