Iná Tí Fikáyọ̀ Ní Kí Wọ́n Pa

MỌ́RÚFÙ: Haló! Àǹtí Fikáyọ̀, oníbàárà mi! Ẹ káàsán o. Ilé ńkọ́?

FIKÁYỌ̀: Ẹ káàsán, Ọ̀gá Mọ́rúfù. Ilé wà. Ẹ wo—

MỌ́RÚFÙ: Ọkọ̀ tokunbo wa ńkọ́? Ṣé ó ń sáré dáadáa?

FIKÁYỌ̀: Òun gan-an ni mo torí ẹ̀ pè. Ẹ̀yin lẹ ń tún un ṣe. Ariwo tó ń pa látàárọ̀ yìí, ta ló fi rán an?

MỌ́RÚFÙ: Ariwo wo?

FIKÁYỌ̀: Mo ti fi yín sí speaker. Ẹ gbọ́.

[Ẹ́ńjìnnì: kà-kà-kà-kà, bí ẹni ń fi òòlù kan ìkòkò òfìfo.]

MỌ́RÚFÙ: Ẹ̀-ẹ́n! Ibo lẹ wà báyìí?

FIKÁYỌ̀: Mo ti kọjá Awóyáyà. Lekki Deep Sea Port ni mò ń lọ. Interview, aago méjì. Ọdún méjì ni mo fi ń wáṣẹ́, Ọ̀gá! Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́, kó má wulẹ̀ wọlé.

MỌ́RÚFÙ: Iná pupa tó wà ní dashboard yẹn ńkọ́? Èyí tó ń tàn, tó ń kú, tẹ́ ẹ bá ti tẹ bíréèkì?

FIKÁYỌ̀: Kò tàn mọ́. Ṣebí ẹ ti pa á.

MỌ́RÚFÙ: Èmi? Pa kí ni? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Pa kí—

[Shíì-shíì. Ìlà fẹ́ já.]

FIKÁYỌ̀: Friday tó kọjá! Abdulmajeed, rewire yín tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Bá mi pa iná yẹn, ó ń dẹ́rù bà mí." Ó tú dashboard, kò pẹ́ rárá, iná kú. Mo dúpẹ́, mo lọ.

MỌ́RÚFÙ [ó ń kígbe sẹ́yìn]: Abdulmajeed! Kí lo ṣe sí iná ọ́ìlì àǹtí?

ABDULMAJEED [láti ọ̀ọ́kán]: Wọ́n ní kí n pa á. Mo yọ gílóòbù ẹ̀!

[Fikáyọ̀ mí kanlẹ̀, ó tún pòṣé.]

FIKÁYỌ̀: Ó yọ kí ni?

MỌ́RÚFÙ: Gílóòbù! Iná yẹn ló ń sọ fún yín pé ọ́ìlì ń tán. Ẹni tó ń ké "olè, olè" fún yín lẹ dí lẹ́nu!

FIKÁYỌ̀: Ẹ má dá mi lẹ́bi o! Àìsàn tó ń tan iná ni mo ní kó wò!

MỌ́RÚFÙ: Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. "Pa iná" lẹ sọ. Èmi wà ní Jímọ̀, mi ò sí ńlẹ̀. Ṣé mi ò kọ́ yín? Gbogbo Monday, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á, ẹ wo ibi tí ọ́ìlì dé. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fà á?

[Kà-kà-kà-kà.]

MỌ́RÚFÙ: Ẹ̀ẹ̀melòó?

FIKÁYỌ̀: Ta ló ń wọ aṣọ funfun fa géèjì?

MỌ́RÚFÙ: Hẹn! Ẹ páàkì, àǹtí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ká wá ọ́ìlì sí i.

FIKÁYỌ̀: Mi ò pa nǹkan kan mọ́! Pípa yín ló kó mi sí i!

MỌ́RÚFÙ: Mo ní ẹ pa—

FIKÁYỌ̀: Aago méjì ti fẹ́ lù! Ṣé o gbọ́ mi? Mọ́rúfù, ṣé o gbọ́ mi?



MỌ́RÚFÙ: "O"? Èmi tí àkọ́bí mi jù ẹ́ lọ?

FIKÁYỌ̀: Ẹ má bínú— ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè gbé mi dé géètì? Ká ṣáà dé géètì.

MỌ́RÚFÙ: Ẹ ò gbọdọ̀— [shíì] —máa lọ— [shíì] —pa á—

FIKÁYỌ̀: Kí n máa lọ àbí kí n pa á? Ọ̀gá! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Kà-kà-kàkàkàkà. GBÀÙ! Lẹ́yìn náà, táyà nìkan lójú títì. Trélà kan fọn fèrè lẹ́yìn.]

MỌ́RÚFÙ: Haló? Kí nìyẹn?

[Kọ́kọ́rọ́: kẹ́. Kẹ́.]

FIKÁYỌ̀: Ó ti kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn.

MỌ́RÚFÙ: Dashboard ńkọ́? Iná wo ló tàn?

FIKÁYỌ̀: Gbogbo ẹ̀. Bátìrì tàn. Bíréèkì tàn. Check engine tàn. Gbogbo wọn ń wò mí, Ọ̀gá. Àfi ẹyọ kan. Ibi tí mo ní kó pa yẹn, ó ṣókùnkùn—

[Tí-tí-tí. Ìlà já.]