Ètò Tí Mo Kọ Ló Ba Orúkọ Bàbá Mi Jẹ́

Alhamdulillahi! Ẹ tún bá mi wí i: Alhamdulillahi! Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó àdúà. Ọlọ́run tó gba bàbá mi lọ́wọ́ ìtìjú ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rọ́fíà lorúkọ mi, ọmọ Kemta. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Bàbá mi ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ àgbàdo fún àwọn àgbẹ̀ Alábàtà. Èmi ni mo kọ ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹrù náà, lórí blockchain, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò lè pa rẹ́. Kí àpò kan tó jáde, àkáǹtì olùtọ́jú sítọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Inú mi dùn! Mo rò pé mo ṣe bàbá mi lóore.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá mi wà ní mọ́ṣáláṣí. Ọkọ̀ kan dé sítọ́ọ̀. Àwọn tó ń ru ẹrù wo fóònù, wọ́n rí i pé olùtọ́jú ti fọwọ́ sí i. Wọ́n bá kó ogójì àpò sínú ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni nínú wa tó rán ọkọ̀ náà níṣẹ́.

Bàbá Ògúndélé, olórí àwọn àgbẹ̀, wá bá wa nílé. Wọ́n ní, "Àlhájì, ó pẹ́ tá a ti mọra. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Ta ni ká bi?"

Bàbá mi ní, "Mo wà lórí ìrun. Mi ò fọwọ́ kan fóònù."

Ta ló gbà wọ́n gbọ́? Àwọn àgbẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́pàá ń pè wọ́n lápètúnpè. Ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Dókítà ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ronú." Háà! Àgbàlagbà tí wọ́n pè lólè, báwo ni ò ṣe ní ronú?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: èmi gan-an ṣiyèméjì. Mo ní ètò mi kì í parọ́. Astaghfirullah!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn. Wọ́n wò mí, wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Rọ́fíà, tẹ́nìkan bá mú ìwé wá bá mi, bí orúkọ mi tilẹ̀ wà nínú ẹ̀, mo máa ń bèèrè irú ìwé tó jẹ́, àti ibi tó ti wá. Ṣé ètò tìẹ ń bèèrè?"

Mo sáré gba ìdí kọ̀ǹpútà lọ. Mo tú iṣẹ́ mi wò. Subhanallah! Kò bèèrè! Orúkọ tó wà nínú àkáǹtì nìkan ló ń kà. Kò wò ó bóyá àkáǹtì olùtọ́jú ni tàbí ti oníbàárà. Kò wò ó bóyá ètò wa ló ni ín, tàbí ẹlòmíì ló lọ dá a síbòmíràn. Mo dá ayédèrú àkáǹtì kan, mo kọ orúkọ bàbá mi sínú ẹ̀, mo fi dán an wò. Ètò mi gbà á wọlé! Mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀rù bà mí. Ta ló máa tún gbéṣẹ́ fún mi? Síbẹ̀ mo lọ sí Alábàtà, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi ò jalè. Èmi ni mo ṣe ilẹ̀kùn tí kì í bèèrè ẹni tó ń wọlé." Mo fi ayédèrú náà wọlé lójú wọn.

Bàbá Ògúndélé na ọwọ́ sí mi. Wọ́n wá ní, "Dìde, ọmọ mi. Òrìṣà á gbè ọ́." Bí wọ́n ṣe mọ àdúrà ni wọ́n ṣe gbà á fún mi. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn.

Àkọsílẹ̀ tí ò ṣeé pa rẹ́ ló tú àṣírí olè. Ẹni tó dá ayédèrú náà ti fi àmì ìdánimọ̀ kan náà ra àgbàdo wa rí: oníbàárà kan láti Láfẹ́nwá. Ọlọ́pàá rí i mú, a sì rí èyí tó pọ̀ jù nínú àpò náà gbà. Mo tún ètò mi ṣe. Ó ti ń bèèrè báyìí!

Bàbá Ògúndélé fúnra wọn gbé kọ́kọ́rọ́ wá sí Kemta. Wọ́n ṣí fìlà. "Àlhájì, ẹ foríjì wá." Bàbá mi gbá wọn mọ́ra.

Èmi náà tọrọ àforíjì pé mo ṣiyèméjì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ò jẹ́ kébi pa mí lọ́jọ́ kan."

Ẹ̀yin tí wọ́n parọ́ mọ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ yín ni àṣìṣe wà, ẹ dìde, ẹ sọ ọ́. Ọlọ́run wà nínú òótọ́. Bàbá mi ló jókòó lápá ọ̀tún yẹn, tí wọ́n ń nu ojú. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga: Allahu Akbar!